Ẹni Tó Lẹ Orúkọ Èké Mọ́ Ìgò Ló Jẹ̀bi: Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Àṣẹ Git

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí kò yọ iṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀. Alágbẹ̀dẹ tó rọ àdá kò ní pè é ní ọkọ́ nítorí pé àwọn méjèèjì jọ ní èèkù, àgbẹ̀ tó bá sì ra ọkọ́ kò ní bá àdá nínú àpò nígbà tó bá dé oko. Ṣùgbọ́n nídìí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, níbi tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Yorùbá ti ń wá oúnjẹ òòjọ́ wọn lónìí, láti Yábàá títí dé Ìbàdàn, irinṣẹ́ kan wà tí àwọn tó rọ ọ́ kò ka orúkọ sí nǹkan bàbàrà. Git ni wọ́n ń pè é.

Ẹni tí kì í ṣe oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà lè má tíì gbọ́ orúkọ náà rí, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé lójoojúmọ́ ló ń jẹ nínú èso rẹ̀. Iṣẹ́ Git ni láti máa tọ́jú ẹ̀dà iṣẹ́. Bí ẹnìkan bá ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, Git a máa pa bí iṣẹ́ náà ṣe rí lánàá mọ́, a sì máa pa bó ṣe rí lónìí mọ́, tó fi jẹ́ pé ènìyàn mẹ́wàá lè jọ máa ṣiṣẹ́ lórí ohun kan náà láìtẹ iṣẹ́ ara wọn mọ́lẹ̀. Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland tó dá Linux sílẹ̀, ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ ní oṣù kẹrin ọdún 2005, nígbà tí ẹ̀tọ́ láti lo BitKeeper lọ́fẹ̀ẹ́ bọ́ mọ́ òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Ní oṣù keje ọdún kan náà ó fa iṣẹ́ náà lé Junio Hamano lọ́wọ́, òun ló sì ń bójú tó o láti ìgbà náà wá. Irinṣẹ́ tó lágbára ni, tó yára, tí kì í tètè bàjẹ́. Kò sí ẹni tó ń jiyàn ìyẹn. Àní orúkọ irinṣẹ́ náà gan-an, àwàdà ni: nínú èdè ìgboro àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òmùgọ̀ ènìyàn tàbí oníjàǹgbọ̀n ni ‘git’, Torvalds sì fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé ara òun lòun fi ń sọ iṣẹ́ òun lórúkọ. Ẹni tó bá sọ irinṣẹ́ rẹ̀ ní òmùgọ̀ lè rẹ́rìn-ín. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá ṣòfò nítorí orúkọ kò ní rẹ́rìn-ín.

Títẹ ọ̀rọ̀ sójú kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń darí Git. Orúkọ àṣẹ ló máa ń ṣáájú, lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ọ̀rọ̀ àfikún tó ń sọ irú ọ̀nà tí ènìyàn fẹ́ kí àṣẹ náà gbà ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ àfikún lè jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo tó ní dáàṣì kan níwájú, bíi ‘-n’. Ó sì lè jẹ́ odidi ọ̀rọ̀ tó ní dáàṣì méjì níwájú, bíi ‘--dry-run’, tó túmọ̀ sí pé kí kọ̀ǹpútà kàn fi ohun tí ì bá ṣe han ènìyàn, kó má sì ṣe é. Kò sí àwòrán níbẹ̀, kò sí bọ́tìnì pupa, lọ́pọ̀ ìgbà kò sì sí ẹni tí yóò béèrè pé, ‘Ṣé ó dá ọ lójú?’ Orúkọ yẹn nìkan ni ìkìlọ̀ tí ẹni tó ń tẹ àṣẹ ní. Bí orúkọ bá purọ́, kò sí ẹlòmíràn nítòsí tí yóò sọ òtítọ́.

Ẹ mú lẹ́tà ‘n’ yẹn wò. Bí ènìyàn bá kọ ‘git clean -n’, Git yóò ka orúkọ àwọn fáìlì tí ì bá pa rẹ́ sójú fún un, kò sì ní fọwọ́ kan ọ̀kankan nínú wọn. Bákan náà ni ‘git add -n’, ‘git rm -n’ àti ‘git push -n’ ń ṣe: ìdánwò lásán ni. Ẹni tó bá ti kọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí yóò gbà pé òun ti mọ ohun tí ‘-n’ ń jẹ́. Ó wá fẹ́ dán commit wò, ìyẹn àṣẹ tó ń fi iṣẹ́ pamọ́ sínú ìtàn. Ó kọ ‘git commit -n’. Kò sí ìdánwò kankan níbẹ̀. ‘--no-verify’ ni ‘-n’ dúró fún níbí: kí Git fi iṣẹ́ náà pamọ́ lójú ẹsẹ̀, kó sì fo àwọn àyẹ̀wò tí ilé iṣẹ́ ti là sílẹ̀ pé kó máa ṣáájú. Ẹni tó fẹ́ ṣọ́ra ni lẹ́tà yìí sọ di aláìṣọ́ra, kò sì sọ fún un.

Kò tán síbẹ̀. Nínú ‘git clone -n’, lẹ́tà kan náà ń sọ pé kí Git má tú fáìlì sílẹ̀; nínú ‘git fetch -n’, kó má kó táàgì wá; nínú ‘git merge -n’, kó má fi àkópọ̀ àyípadà hàn; nínú ‘git cherry-pick -n’, kó má ṣe commit. Nínú ‘git log -n’, nọ́ńbà ló tún dà, ìyẹn iye commit tí ènìyàn fẹ́ rí. Lẹ́tà kan, iṣẹ́ méje. Bí ìyá kan bá bí ọmọ méje, tó sì sọ gbogbo wọn ní Àjọkẹ́, ta ni yóò bá ọmọ wí pé òun kọ́ ló yẹ kó jẹ́ ìyá lóhùn? Lẹ́tà ‘m’ kò sì sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọ̀rọ̀ àlàyé ni nínú commit, yíyí orúkọ padà ni nínú branch, nọ́ńbà òbí ni nínú cherry-pick.

Ṣùgbọ́n lẹ́tà kì í pa iṣẹ́ ènìyàn rẹ́. ‘checkout’ ń pa á rẹ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni orúkọ kan yìí fi ru ẹrù iṣẹ́ méjì tí kò bára tan. Èkíní ni láti kúrò lórí ẹ̀ka iṣẹ́ kan bọ́ sórí òmíràn. Èyí kò léwu, nítorí Git yóò kọ̀ jálẹ̀ bí ìrìnàjò náà bá fẹ́ ba ohun tí ènìyàn kò tíì fi pamọ́ jẹ́. Èkejì ni láti dá fáìlì padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ìyẹn ni pé kí gbogbo ohun tí ènìyàn ti kọ sínú rẹ̀ láìtíì fi pamọ́ di òfo, láìsí ìbéèrè, láìsí apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí tí ó lè lọ wá a sí. Iṣẹ́ kan ń ṣọ́ ọ, ìkejì ń jà á lólè, orúkọ kan náà ni àwọn méjèèjì ń jẹ́.

Ẹ wo bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Obìnrin kan ti fi ọjọ́ mẹ́ta ṣiṣẹ́ lórí àwọn fáìlì tó wà nínú fódà kan tó ń jẹ́ ‘docs’. Ó gbà pé ẹ̀ka iṣẹ́ kan wà tó ń jẹ́ ‘docs’ bákan náà, ó sì fẹ́ bọ́ sórí rẹ̀. Kò sí irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀. Ó kọ ‘git checkout docs’. Git wò yíká, kò rí ẹ̀ka, ó rí fódà, ó sì gbà pé fódà ni obìnrin náà ní lọ́kàn. Ó fi ẹ̀dà àtijọ́ bo iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta mọ́lẹ̀. Ohun tó kọ sójú fún un kò ju pé òun ti sọ fáìlì mélòó kan di ọ̀tun. Ọ̀tun! Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ti lọ, wọ́n ń kí i kú orí ire.

Kò sí ilé Yorùbá tí wọn kò ti mọ ìtàn kẹrosíìnì tí wọ́n rọ sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Bí ọmọ bá mu ún, kò sí àgbàlagbà tó ní làákàyè tí yóò máa bá ọmọ wí pé kí ló dé tí kò kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀. Ẹni tó rọ ọ́ síbẹ̀ ni wọn yóò béèrè. Nídìí Git, ọmọ ni wọ́n ń bá wí. ‘Ṣé o kò ka ìwé ìtọ́ni ni?’ Gbólóhùn yìí ti di àkọ́sórí lẹ́nu àwọn ọ̀gá nídìí iṣẹ́ náà, ó sì ti tó àkókò láti sọ fún wọn pé àwáwí ni.

Ti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ papọ̀ mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn tún burú jù. ‘git push --force’ a máa fi ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ ẹnìkan bo èyí tó wà níbi àjùmọ̀lò. Bí ẹlòmíràn bá ti gbé iṣẹ́ tirẹ̀ síbẹ̀ láàárín ìgbà náà, iṣẹ́ onítọ̀hún yóò pòórá lórí ẹ̀ka náà. Àwọn tó ń ṣe Git mọ èyí. Ní ọdún 2013 wọ́n mú ọ̀rọ̀ àfikún mìíràn jáde, tó ń kọ́kọ́ wò bóyá ibi àjùmọ̀lò ṣì rí bí ènìyàn ṣe rí i kẹ́yìn. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀ mọ́, Git kò ní gbé ohunkóhun lọ. Ohun rere gbáà ni. Kí ni wọ́n wá sọ ọ́? ‘--force-with-lease’. Ọ̀rọ̀ àwọn lọ́yà àti onílẹ̀ ni ‘lease’, ìwé àdéhùn tí wọ́n fi ń yá ilẹ̀ tàbí ilé lò fún iye ọdún kan. Àwọn tó ń gba ilé l’Ékòó mọ̀ ọ́n dáadáa. Ta ni yóò gbọ́ ọ, tí yóò sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìdáàbòbò iṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ ẹni ni wọ́n ń sọ? Ẹ tún wo èyí: ọ̀rọ̀ àfikún tó léwu ní lẹ́tà kúkúrú, ‘-f’, ìka kan ti tó o. Èyí tó láàbò gùn tó àmì 18, kò sì ní lẹ́tà kúkúrú kankan. Ó dà bí ilé tí ẹnu kànga rẹ̀ wà gbayawu láìní ìdérí, tí wọ́n wá fi àgádágodo mẹ́ta ti ilé ìdáná. Bákan náà ni ‘git branch -d’, tó ń kọ̀ láti pa ẹ̀ka tí iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì dàpọ̀ mọ́ ti ibòmíràn rẹ́, àti ‘git branch -D’, tó ń pa á rẹ́ láìwẹ̀yìn. Lẹ́tà ńlá àti lẹ́tà kékeré nìkan ni ìyàtọ̀ wọn.

Nípa ‘git reset’, tó ní ‘--soft’, ‘--mixed’, ‘--hard’, ‘--merge’ àti ‘--keep’, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Èwo nínú márùn-ún yìí ló ń pa ohun tí ènìyàn kò tíì fi pamọ́ rẹ́ tán pátápátá? ‘--hard’ ni. Líle, wọ́n ní. Òkúta náà le, ẹ̀kọ́ ìṣirò náà le. Kò sí èyí tó ń pa fáìlì rẹ́ nínú wọn.

Ibi tí Git máa ń kó iṣẹ́ sí kí ó tó fi pamọ́ ní tirẹ̀ ní orúkọ mẹ́ta. ‘Cache’ ni wọ́n kọ́kọ́ pè é ní 2005. Kí ọdún náà tó parí wọ́n ti ń pè é ní ‘index’. Nígbà tó yá, àwọn olùkọ́ àti òǹkọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní ‘staging area’, ìyẹn ibi ìpalẹ̀mọ́, èyí tó dára jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọn kò pa ọ̀kankan tì. Ìdí nìyí tí ‘git diff --cached’ àti ‘git diff --staged’ fi jẹ́ ohun kan náà, tí ‘git rm --cached’ fi wà ṣùgbọ́n tí ‘git rm --staged’ kò sí, tí ‘--index’ àti ‘--cached’ nínú ‘git apply’ sì fi jẹ́ ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibi kan náà ni orúkọ méjèèjì ń tọ́ka sí. Oríkì lè pọ̀ lórí ọba; ọ̀pọ̀ oríkì kò yẹ bọ́tìnì.

Èyí tó yani lẹ́nu jù ni ti ‘ours’ àti ‘theirs’, ìyẹn tiwa àti tiwọn. Bí iṣẹ́ ènìyàn méjì bá forí gbárí, ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ni wọ́n fi ń yan èyí tí yóò dúró. Nígbà tí ènìyàn bá ń ṣe merge, tiwa ni tiwa lóòótọ́. Nígbà tó bá ń ṣe rebase, wọ́n yí i po: iṣẹ́ tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ni wọ́n ń pè ní tiwọn, ti àwọn yòókù ló sì di tiwa. Ìwé ìtọ́ni Git fúnra rẹ̀ kìlọ̀ fún òǹkàwé pé wọ́n ń pààrọ̀ ara wọn. Ó dára tí wọ́n kọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí alájà bá mọ̀ pé ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìgò oògùn kò tọ̀nà, ìwé náà ló yẹ kó tún lẹ̀, dípò kó kọ àlàyé sínú ìwé mìíràn tó wà nínú dùrọ́ọ̀.

Àwọn agbèjà Git kò dákẹ́, ó sì yẹ kí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ wọn. Wọ́n ní lẹ́tà kúkúrú jẹ́ àṣà àtijọ́. Òótọ́ ni. Ìdí sì wà fún àṣà náà. Nígbà tí Ken Thompson àti Dennis Ritchie ń ṣe Unix ní Bell Labs, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bíi Teletype 33 ni wọ́n fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, lẹ́tà 10 péré ni ẹ̀rọ náà sì lè tẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó bá lo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò ní fẹ́ kọ gbólóhùn gígùn. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n bi Thompson pé kí ni ìbá yí padà bó bá tún Unix ṣe, ó dáhùn pẹ̀lú ẹ̀fẹ̀ pé òun yóò fi lẹ́tà ‘e’ kún ìparí ‘creat’. Àwọn ẹgbẹ́ GNU ti mú ọ̀rọ̀ àfikún gígùn oní-dáàṣì méjì wọlé kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan Git. Ní 2005, kò sí ẹni tó ń fi Teletype kọ ohunkóhun mọ́.

Wọ́n tún ní Git ní ìwé ìrántí kan, ‘reflog’, tí ènìyàn lè fi wá commit tó sọnù. Bẹ́ẹ̀ ni, commit nìkan. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta obìnrin yẹn kò tíì di commit. Àwọn mìíràn ní orúkọ kọ́ ni àléébù, pé èrò tí wọ́n fi kọ́ Git látìbẹ̀rẹ̀ ló díjú. Àwọn onímọ̀ méjì ní MIT, Santiago Perez De Rosso àti Daniel Jackson, gbé ìwádìí jáde lórí irú ọ̀rọ̀ yìí ní 2013, wọ́n sì ṣe irinṣẹ́ mìíràn, Gitless, tí wọ́n yọ ibi ìpalẹ̀mọ́ náà kúrò nínú rẹ̀ pátápátá. Wọn kò parọ́. Ṣùgbọ́n títún ìpìlẹ̀ ilé ṣe a máa gba ọdún. Kíkọ ‘ewu’ sára wáyà iná kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Èyí tó lágbára jù nínú àwíjàre wọn ni pé ọ̀kẹ́ àìmọye ètò ti wà káàkiri ayé tó ń pe àwọn àṣẹ Git gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe wà; bí wọ́n bá yí orúkọ padà, gbogbo wọn yóò dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ẹnikẹ́ni tó bá fojú kéré èyí kò mọ iṣẹ́. Àmọ́ ta ló ní kí wọ́n pa orúkọ àtijọ́ rẹ́? Git fúnra rẹ̀ ti fi hàn pé tuntun lè wọlé kí àtijọ́ má jáde. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ẹ̀dà 2.23 mú àṣẹ méjì wá, ‘git switch’ fún bíbọ́ sórí ẹ̀ka, ‘git restore’ fún dídá fáìlì padà. Wọ́n la ‘checkout’ sí méjì, ‘checkout’ sì wà níbẹ̀ sí i, kò sí ètò kankan tó dáwọ́ iṣẹ́ dúró nítorí èyí. Ọ̀nà yìí náà ni ‘--staged’ gbà bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ‘--cached’. Nínú ‘git switch’, ọ̀rọ̀ àfikún kan wà tó ń jẹ́ ‘--discard-changes’. Da àwọn àyípadà nù. Ó tán. Ẹni tó bá kọ ọ́ mọ ohun tó ń ṣe, ẹni tó bá rí i lọ́wọ́ ẹlòmíràn náà mọ̀. Bí wọ́n bá lè sọ ọ̀kan lórúkọ tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ‘reset --hard’ kò lè ní irú rẹ̀?

Ìbéèrè yìí kan ọmọ Yorùbá ju bí ó ṣe kan ọmọ London lọ. Wọ́n ti túmọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ tí Git ń kọ sójú sí èdè mélòó kan, Faransé, Jámánì àti ti àwọn ará Ṣáínà wà lára wọn, ṣùgbọ́n wọn kì í túmọ̀ orúkọ àṣẹ àti ọ̀rọ̀ àfikún. Ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè àkọ́kún fún lè ṣí ìwé atúmọ̀ èdè, kó wá ‘discard’, kó sì rí ìtumọ̀ tí yóò gbà á lọ́wọ́ àdánù. Bó bá wá ‘lease’, yóò rí ilé àyágbé. Bó bá wá ‘hard’, yóò rí líle. Bó bá wá ‘n’, kò ní rí nǹkan kan. Orúkọ tó ṣe kedere ni àtùpà kan ṣoṣo tí onítọ̀hún ní.

Apá kan iṣẹ́ yìí wà lọ́wọ́ àwọn olùkọ́. Ó ṣeni láàánú pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń kọ́ni ní Git ṣì ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ‘checkout -b’ àti ‘push -f’, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ àwọn náà. Kí wọ́n fi ‘switch --create’ rọ́pò rẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ máa kọ ‘--dry-run’ ní kíkún títí yóò fi mọ àṣẹ tí ‘-n’ ti ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ àti èyí tí kò ti rí bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n sì sọ fún un pé ‘git restore’ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ tó dùn létí yẹn ṣì ń pa ohun tí kò tíì fi pamọ́ rẹ́ láìbéèrè, nítorí orúkọ náà sàn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, kò sì tíì sọ tán.

Apá tó pọ̀ jù wà lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe Git. Àwọn kan nínú wọn ń ṣiṣẹ́ láìgba kọ́bọ̀, ọpẹ́ ni ó yẹ wọ́n. Àwọn mìíràn ń gba owó oṣù lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ńláńlá, ìbéèrè ló yẹ àwọn yẹn. Ohun tí a ń béèrè kò tó nǹkan: ọ̀rọ̀ àfikún gígùn tó ń sọ ohun tí yóò ṣòfò fún gbogbo àṣẹ tó ń pa iṣẹ́ rẹ́, lẹ́tà kúkúrú fún èyí tó láàbò nínú push, ‘--staged’ níbi gbogbo tí ‘--cached’ bá wà, àti ìkìlọ̀ ìlà kan nígbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá kọ ‘git commit -n’, pé kì í ṣe ìdánwò, pé iṣẹ́ náà ti wọlé, pé kò sì sí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò.